Atọ́ka Tó Ní Ó Kún

Ọjọ́bọ̀, 5 oṣù Kẹsàn-án

Mo ra fúlóòtù lónìí, ohun tó ń léfòó nínú táǹkì tó ń gbé atọ́ka epo, ẹgbẹ̀fà dínárì. Ọkùnrin kan tó tẹ́ aṣọ tábìlì sílẹ̀ lẹ́yìn ibùdókọ̀ ló tà á fún mi. Ó búra pé ti Fića, ọkọ̀ kékeré ìgbà àtijọ́, gan-an ni. Mo bi í pé kí ló dé tí ọwọ́ irin rẹ̀ fi gùn ju ti àtijọ́ lọ. Ó ní, "Ọmọ, ṣé o fẹ́ rà á ni, àbí o fẹ́ fi ṣaya?"

Mo rà á.

Ó ti tó ogún ọdún tí gẹ́ẹ̀jì epo Fića Bàbá Stojadin ti kú sórí òfo. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Bàbá, igi ló sì ń tì bọ inú táǹkì láti mọ iye epo tó kù. Ó fi ọ̀bẹ kọ ìlà sára igi náà, ó ń kà á bí ìwé. Mo sọ fún un pé ẹni tó ní ọmọ àbúrò tó gba ìwé ẹ̀rí nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ kò gbọdọ̀ máa ti igi bọ ọkọ̀ bí ẹni tó ń ro ọbẹ̀. Ó ní igi òun kò gba ìwé ẹ̀rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò já òun kulẹ̀ rí.

Àbámẹ́ta, 7

Oòrùn mú. Màámi ń sun ata pupa fún ìgbà òtútù, gbogbo àdúgbò ń rùn bí ata.

Mo tú nọ́ọ̀tì mẹ́fà, mo yọ fúlóòtù àtijọ́. Kókó tó yẹ kó máa léfòó lórí epo ti lu, epo ti kún inú rẹ̀, ìyẹn ló fi sùn sísàlẹ̀ láti ìgbà ìyá Nóà. Mo ki tuntun bọ̀ ọ́. Ọwọ́ irin rẹ̀ gùn jù, mo fi ẹ̀mú tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. A wá da epo sí táǹkì dé ọrùn. Atọ́ka gbéra láti òfo, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó dé orí kíkún, ó dúró. Bàbá ṣí fìlà. Ó pẹ́ tó ti rí i tó mì kẹ́yìn.

Mo gba igi lọ́wọ́ rẹ̀, mo ṣẹ́ ẹ lórí orúnkún mi, mo jù ú sínú iná ata.

Ọjọ́rú, 11

Bàbá ti lọ sí ìlú lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí ìgbéyàwó: ó lọ gbé bàtà, ó lọ gbé òdòdó, ó tún lọ dá bàtà padà. Atọ́ka dúró ṣinṣin lórí kíkún bí òṣìṣẹ́ ìjọba lórí àga. Ó ní ó ya òun lẹ́nu. Mo ṣàlàyé fún un pé ọkọ̀ tí wọ́n bá tún ṣe dáadáa kì í mu epo púpọ̀.

Àbámẹ́ta, 14

Mi ò lè kọ nǹkan kan.

Àìkú, 15

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rántí rẹ̀ lọ́nà tó máa gbè mí.

Bàbá ni kum, ẹlẹ́rìí ìgbéyàwó tó tún ń sọ ọmọ ilé náà lórúkọ nígbà ìsàmì; ilé méjèèjì ló ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀. Bàbá tó bí i lọ́mọ ni kum fún bàbá Miladin, òun fúnra rẹ̀ ni kum fún Miladin, àná ló sì dúró lẹ́yìn Vojin, ọmọ Miladin, níwájú pẹpẹ pẹ̀lú àbẹ́là lọ́wọ́. Ìran mẹ́ta. Nevena ìyàwó ní tí kì í bá ṣe Fića kum ló máa gbé òun kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun á fẹsẹ̀ rìn.

Ní àárọ̀, Bàbá ti wọ kóòtù dúdú rẹ̀, ó ní, "Relja, jẹ́ ká yà ní ilé epo ná."

Mo ní, "Bàbá, ẹ wo gẹ́ẹ̀jì. Ó kún."

"Ó ti kún láti Àbámẹ́ta tó kọjá?"

"Ẹ̀rọ kì í purọ́, Bàbá."

Mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo rántí dáadáa pé mo rẹ́rìn-ín.

Orí afárá ni Fića kú sí nígbà tí a ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì bí àgbàlagbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó dákẹ́. Èmi jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. Vojin àti Nevena wà lẹ́yìn, aṣọ funfun Nevena ti wú kún inú ọkọ̀ bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Ọkọ̀ méjìlélógún wà lẹ́yìn wa, wọ́n ń fọn fèrè, wọ́n rò pé ara ayẹyẹ ni. Àwọn afunfèrè tó wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù tún gbé orin sókè sí i.

Àwọn ọmọ abúlé ti ń dúró ní ẹsẹ̀ afárá kí kum wá da owó wẹ́wẹ́ sí wọn. Ẹnìkan lára wọn pariwo ohun tí ọmọdé máa ń pariwo sí kum ahun:

"Kum, àpò rẹ ń jóná!"

Òmíràn gbè é: "Kò lè ra epo! Kum ò lówó epo!"

Miladin sáré dé pẹ̀lú òdòdó láyà. "Kum, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Bàbá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ṣí ìdérí táǹkì, ó mi ọkọ̀, ó fetí sí i. Kò sí ohun kankan tó dún nínú rẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó wò mí. Kò ju kí ènìyàn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lọ. Mo ní ẹnu lákòókò yẹn. Mi ò lò ó.

Bàbá yíjú sí gbogbo wọn. Ó ní, "Èmi ni mo gbàgbé láti ra epo."

Ọkọ̀ akẹ́rù àwọn afunfèrè ni wọ́n fi gbé ìyàwó lọ. Girísì fèrè ńlá yí aṣọ rẹ̀ láti ìdí dé orúnkún. Gbogbo wọn kọjá lára wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi dúró ti irin afárá, mò ń wo ẹja.

Ajé, 16

Mo tún tú nọ́ọ̀tì mẹ́fà. Ọwọ́ irin tí mo tẹ̀ ti há sára páìpù tó ń fa epo. Nígbà tí epo gbé e dé òkè, ó kọ́ ibẹ̀, kò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Iná pupa kékeré tó yẹ kó kìlọ̀ fún wa, ọwọ́ irin yìí kan náà ló ń tan án.

Mo dán an wò nígbà tí epo ń gòkè. Kò wá sí mi lọ́kàn pé epo a máa lọ sílẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí mi wà lára ògiri nínú gíláàsì. Mo yí i, mo kọjú rẹ̀ sí ògiri.

Ìṣẹ́gun, 24

Òjò. Wọ́n ti fi Bàbá ṣe ẹlẹ́yà títí dé abúlé kejì. Ìtàn àkọ́kọ́ ni pé ó láhun. Èyí kò wọ àwọn ènìyàn létí púpọ̀, nítorí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ni wọ́n bá wá òmíràn: orí rẹ̀ ti ń lọ. Èyí wọ̀ wọ́n létí. Ẹnìkan so ìgò epo kékeré kan mọ́ géètì rẹ̀ pẹ̀lú ribọ́ọ̀nù funfun. Bàbá tú u, ó da epo náà sínú ẹ̀rọ tó fi ń gé koríko. Ó ní kí Ọlọ́run san án fún ẹni náà.

Lọ́sàn-án, Àǹtí Zorka, ọmọ rẹ̀ obìnrin, dé láti ìlú. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ Fića lára ìṣó.

"Bàbá mi, ẹ ti pé mẹ́rìnléláàádọ́rin. Lónìí epo lẹ gbàgbé. Lọ́la, bíréèkì ńkọ́?"

"Bíréèkì ò sí ní ilé epo," Bàbá ní.

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́." Ó yíjú sí mi. "Relja, ìwọ tó mọ̀ nípa ọkọ̀, bá mi sọ fún wọn."

Mo ní, "Àǹtí, ọ̀rọ̀ náà ṣòro láti sọ."

Ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Ojú yín ló ń wò tí kò lè sọ ọ́."

Ẹtì, 27

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún Màámi. Mo ní, "Màámi, ọ̀rọ̀ orí afárá yẹn, èmi ni mo..."

"Mo mọ̀," ó ní, ó sì ń bó ata lọ. "Ṣé o rò pé mi ò rí ẹ̀mú lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ yẹn? Dákẹ́ ẹnu rẹ. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lo máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ìwọ lo dá ọkọ̀ ìyàwó dúró lórí afárá, ṣé wọ́n á jẹ́ kí o yẹ kẹ̀kẹ́ ọmọdé wò? Ẹ̀gbọ́n mi ti gbé e lé èjìká ara rẹ̀. Èjìká rẹ̀ fẹ̀."

Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Èmi dákẹ́. Tara ẹlòmíràn ló ń pariwo káàkiri.

Àìkú, 29

Bàbá fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kìlómítà mẹ́rin. Miladin kí i níwájú ilẹ̀kùn, "Kum, ẹ ǹlẹ́," bí ẹni tó ń kí agbowó-orí. Bí Bàbá ti kọjá tán, mo gbọ́ ohun tó sọ fún Vojin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Kum ló máa sọ ọmọ-ọmọ mi lórúkọ. Ẹni tó gbàgbé epo, ṣé kò ní dé ibi ìsàmì kó gbàgbé orúkọ ọmọ?"

Vojin ní, "Ó tiẹ̀ lè sọ ọ́ ní Epo."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí wọ́n má baà fura. Ìyẹn ni mo jẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù Kẹwàá

Ọjọ́ kẹta mi lẹ́nu iṣẹ́. Mo kọ̀ láti fọwọ́ sí ọkọ̀ ọkùnrin kan nítorí pé gẹ́ẹ̀jì epo rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Ó bẹ̀ mí. Ó ní igi ni òun máa ń fi wọ̀n ọ́n. Mo kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé irú ìwà bẹ́ẹ̀ ń fi ẹ̀mí àwọn ẹlòmíràn wewu. Ọ̀gá ní mo ní ojú iṣẹ́.

Àbámẹ́ta, 5

Mo ti pinnu pé màá tún un ṣe dáadáa kí n tó sọ òtítọ́. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń sá fún ọ̀kan ló ń fi ìkejì ṣe àwáwí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà yẹ ní ṣíṣe.

Mo dá ọwọ́ irin àtijọ́ padà, èyí tó mọ ọ̀nà inú táǹkì náà. Kókó tó ń léfòó nìkan ló kù. Mo fi ìdérí ìgò wáìnì gbẹ́ ẹ, èyí tó jẹ́ èèpo igi, mo sì fi ọ̀dà èékánná Màámi kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí epo má baà wọ̀ ọ́. Pupa ni ọ̀dà náà. Ó dára lójú.

Àìkú, 6

Epo ti bó ọ̀dà náà kúrò pátápátá. Èèpo igi mu epo yó, ó sùn sísàlẹ̀. Atọ́ka wà lórí òfo, táǹkì sì kún. Ó kéré tán, irọ́ tèyí kò ní dá ìyàwó dúró lójú ọ̀nà.

Àbámẹ́ta, 12

Òtútù ti dé ní òwúrọ̀. Kábéèjì ti wọ́n lọ́jà, ó di ogójì dínárì kílò kan. Màámi ní ìyà ni.

Mo fi bàbà pẹlẹbẹ ṣe ife kékeré méjì, mo dojú wọn kọ ara wọn, mo fi òjé jó wọn pọ̀. Ó léfòó nínú abọ́ omi. Ṣùgbọ́n omi kì í ṣe epo, mo sì ti kọ́gbọ́n. Mo nílò ohun tó ga tó sì mọ́ gaara kí n lè rí bí kókó náà ṣe ń lọ sílẹ̀. Àgbá ike tí Màámi fi ń rẹ kábéèjì ga, ó sì mọ́ gaara. Mo da epo kún un.

Mi ò ní kọ gbogbo ohun tí Màámi sọ. Ó parí rẹ̀ báyìí: "O ti ba orúkọ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́, o ti mú ọ̀dà èékánná mi, ó wá ku kábéèjì mi! Títí Àjíǹde, tí ẹnikẹ́ni bá jẹun nílé yìí tó wá mú ìṣáná, ọrùn rẹ ni!"

Mo ra àgbá tuntun fún un. Òjé náà sì ti jò.

Àìkú, 20

Ó ṣiṣẹ́.

Mo tún òjé jó, mo fi gbogbo rẹ̀ sínú táǹkì gan-an, mo so wáyà mọ́ bátìrì nítorí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ Àǹtí Zorka. Mo da epo sí i dé ọrùn, lẹ́yìn náà mo fà á jáde, ife kan lẹ́yìn òmíràn. Wákàtí méjì. Atọ́ka ń bọ̀ wálẹ̀. Ó dé ìdajì nígbà tó kù ìdajì. Ó dé ìdá mẹ́rin nígbà tó kù ìdá mẹ́rin. Iná pupa tàn. Mo pariwo bí ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù wọlé.

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Kò sí ẹni tí mo lè sọ fún. Kí n tó lè sọ pé ó ti dára, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ pé ó ti bàjẹ́ rí, kí n sì sọ ẹni tó bà á jẹ́.

Àìkú, 27

Bàbá ń pọn ọtí rákíà lẹ́yìn ilé. Ìkòkò bàbà ńlá ń hó, òórùn èso pọ́lọ́ọ̀mù gba gbogbo ọgbà. Lọ́dọọdún, Miladin ló máa ń kọ́kọ́ tọ́ èyí tó bá kán jáde, á ní ó ti le jù, á tún béèrè fún ìkejì. Lọ́dún yìí ife rẹ̀ wà lórí pákó, ó gbẹ.

Mo jókòó. Mo ti ká ọ̀rọ̀ mi sórí láti ilé.

"Bàbá, gẹ́ẹ̀jì yẹn..."

"Gẹ́ẹ̀jì wo?"

"Ti Fića. Ọjọ́ yẹn, lórí afárá..."

"Lórí afárá, mo gbàgbé epo." Ó ti igi sínú iná. "Ó ti tán."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n..."

"Relja, ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ àbí etí rẹ di?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Mú ife kan."

Mo mu. Kì í ṣe ife Miladin. Ti Miladin ṣì wà níbẹ̀, ó gbẹ.

Ọjọ́rú, 6 oṣù Kọkànlá

Lọ́túnla ni ọjọ́ Dímítírì Mímọ́, ẹni mímọ́ ilé Bàbá. Àǹtí Zorka ti dé, ó ń po ìyẹ̀fun, ó ń se àlìkámà. Ọjọ́ Ẹtì ni, nítorí náà kò sí ẹran: ẹja odò, ẹ̀wà, ewébẹ̀.

Wọn kì í pe ẹnikẹ́ni síbi ọdún ẹni mímọ́. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun jẹ́ ti ilé náà á wá. Ẹni tí kò bá wá ti sọ̀rọ̀ nìyẹn, gbogbo ayé á sì gbọ́. Ní gbogbo ọdún tí Bàbá ti ń ṣe ọdún yìí, ilé Miladin kò pa á jẹ rí, ìbáà ṣe yìnyín, ìbáà ṣe ogun.

Màámi gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù pé wọn kò ní wá. Wọ́n ní Nevena ti lóyún, oṣù kẹta (ìṣirò yẹn kò kàn mí), Miladin sì ti ń wo ẹlòmíràn tó máa ṣe kum fún ọmọ náà. Màámi sọ ọ́ tán, ó jókòó.

"Mo ní kí o dákẹ́," ó ní. "Mi ò mọ̀ pé o lè dákẹ́ tó báyìí."

Ẹtì, 8

Mò ń kọ èyí ní ilé ìdáná Bàbá, àwọn àlejò ti ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Títí di agogo kan ọ̀sán, ó tó ọgbọ̀n ènìyàn tó ti dé. Àlùfáà ti gé búrẹ́dì ọdún, ó ti lọ. Àga kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún orí tábìlì, kò sí ẹni tó jókòó sí i, kò sì sí ẹni tó wò ó. Onílé kì í jókòó ní ọjọ́ yìí. Bàbá ń dúró, ó ń bu ọtí, ó ń gbé ẹja, ó ń rẹ́rìn-ín. Bí ọkọ̀ kan bá dún lójú ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ á dúró lórí abọ́ títí ọkọ̀ náà á fi kọjá.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọkọ̀ kọjá. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún mo mú kẹ̀kẹ́ Àǹtí Zorka.

Kìlómítà mẹ́fà ni, atẹ́gùn sì dojú kọ mí. Mo rò pé màá bá wọn níbi tí wọ́n ti ń jẹun, nínú aṣọ ilé. Gbogbo ilé Miladin ló wà lórí bẹ́ǹṣì ní àgbàlá, wọ́n ti múra tán: Miladin nínú kóòtù, Vojin pẹ̀lú táì, Nevena, àti Ìyá àgbà Krstina pẹ̀lú gèlè dúdú tuntun. Ìgò ọtí tí a fi ìwé ẹ̀bùn wé wà lórí ẹsẹ̀ Miladin. Bàtà wọn ń dán. Ó hàn pé àárọ̀ ni wọ́n ti jókòó síbẹ̀, wọn kò lọ, wọn kò sì bọ́ aṣọ.

Miladin dìde. "Ṣé kum ló rán ọ láti wá pè wá? Wọn kì í pe ènìyàn síbi ọdún ẹni mímọ́."

"Kò sí ẹni tó rán mi, sà. Mi ò wá pe ẹnikẹ́ni. Mo wá sọ nǹkan kan, màá sì máa lọ."

Mo sọ ọ́. Fúlóòtù, ẹ̀mú, ọwọ́ irin tó há. Mo sọ pé Bàbá ní ká ra epo, mo sì ní ó kún. Mo sọ pé mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo sọ pé nígbà tí Bàbá ní òun ni òun gbàgbé, mo wà níbẹ̀, ara mi yá, ahọ́n mi pé. Mi ò lè wo ojú wọn, bàtà wọn ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ìyá àgbà Krstina ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọ̀sẹ̀ mélòó nìyẹn?"

"Mẹ́jọ, Ìyá àgbà."

"O sì ń jẹun?"

"Mò ń jẹun."

"Ó dáa. Mo kọ́kọ́ rò pé àìsàn ni."

Vojin ní òun mọ̀, òun ti sọ pé kum kò lè gbàgbé epo. Bàbá rẹ̀ ní, "Ìwọ sọ kí ni? Ìwọ lo sọ pé ó lè sọ ọmọ ní Epo!" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Nevena ń wò mí.

"Aṣọ mi tó yí girísì ńkọ́?"

Mo ní, "Màá bá yín fọ̀ ọ́."

"Ó máa fọ̀ ọ́!" Ó yíjú sí àwọn yòókù. "Á fọ̀ ọ́ tán, á wá sọ fún mi pé ó ti mọ́."

Wọ́n wọ ọkọ̀ méjì, wọ́n lọ. Kò sí ẹni tó ní kí n wọlé. Mo gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé wọn, èéfín wọn ni mo sì ń fà símú.

Nígbà tí mo dé, wọ́n ti sọ gbogbo rẹ̀. Bàbá dúró ní orí tábìlì.

"Relja, wá síbí."

Mo lọ.

"Ta ló ní kí o lọ?"

"Kò sẹ́ni, Bàbá."

"Mo dúró lórí afárá níwájú ọkọ̀ méjìlélógún, mo ní èmi ni mo gbàgbé. Lónìí, lọ́jọ́ ẹni mímọ́ mi, o lọ sílé kum mi, o sọ fún wọn pé irọ́ ni mo pa. Àbí kì í ṣe ohun tí o sọ nìyẹn?"

Mi ò rò ó dé ibẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mo fi rò ó, mi ò rò ó dé ibẹ̀. Ẹni tí mo ti sọ di ahun, tí mo sọ di arúgbó tí orí rẹ̀ ń lọ, mo tún ti wá sọ di òpùrọ́ níwájú ọgbọ̀n ènìyàn, mo sì rò pé mo ń ṣe é lóore.

Miladin ní, "Kum, ẹ jọ̀ọ́, ọmọdé ni."

Bàbá gbé ọwọ́ sókè. "Mi ò purọ́. Mo gbàgbé. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi rí atọ́ka tí kò mì. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ tó ń rìn, epo rẹ̀ ń tán ni. Àádọ́ta ọdún ni mo fi mọ̀ ọ́n. Mo wá gbàgbé pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ló ń sọ fún mi pé ó kún. Ohun tí mo gbàgbé nìyẹn." Ó fa àga ọwọ́ ọ̀tún. "Kum, ẹ jókòó. Ẹja ń tutù."

Miladin jókòó. Ó tọ́ rákíà wò, ó ní ó ti le jù, ó na ife fún ìkejì.

Àǹtí Zorka jáde, ó padà wọlé, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ àlìkámà. Ó lọ fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Èmi ń wá ibi tí màá fara pa mọ́ sí. Bàbá na ìgò ọtí sí mi.

"Níbo lò ń lọ? Dúró."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti agogo méjì, mò ń bu ọtí fún àwọn ènìyàn tó ń wò mí bí wọ́n ṣe ń na ife. Onílé nìkan ló máa ń dúró lọ́jọ́ yìí. Mi ò mọ̀ bóyá ìyà ló fi jẹ mí ni, àbí ọlá ló dá mi. Mo béèrè lọ́wọ́ Màámi. Ó ní kí n máa bu ọtí.

Ajé, 11

Mo sọ fún ọ̀gá níbi iṣẹ́ kó tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó ní òun ti gbọ́ láti oṣù Kẹsàn-án pé kum kan gbàgbé epo, òun sì rẹ́rìn-ín. Ó ní láti òní lọ, iná ẹ̀yìn àti wáípà ni kí n máa yẹ̀ wò.

Àìkú, 17

Ìrì dídì bo pápá ní òwúrọ̀, oòrùn wá jáde. Bàbá fọn fèrè Fića lẹ́nu ọ̀nà wa. Ó ní kí n wọlé, a ń lọ kí Nevena, òun fẹ́ bá Miladin sọ̀rọ̀ orúkọ ọmọ. Orúkọ mẹ́ta ló wà lọ́kàn rẹ̀, kò sọ ọ̀kankan fún mi.

A dé ibi tí ọ̀nà ti pín sí méjì. Ilé epo wà lọ́wọ́ òsì, ilé Miladin wà lọ́wọ́ ọ̀tún, afárá sì wà lójú ọ̀nà ibẹ̀. Bàbá dá ọkọ̀ dúró. Kò wo gẹ́ẹ̀jì. Èmi ló wò.

"Kí ló kù?"

Mo ní, "Ìdajì, Bàbá. Ó lé díẹ̀ ní ìdajì."

Mo dúró kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo dúró kó mi ọkọ̀ kó fetí sí i. Mo tiẹ̀ ń retí kó sọ ọ̀rọ̀ kan sí mi, kí n lè gbà á kó sì tán.

Ó ní, "Ó dáa," ó sì yà sí ọ̀tún.

Láti ibẹ̀ dé ilé Miladin, àti nígbà tí a ń bọ̀, Bàbá kò wo gẹ́ẹ̀jì náà lẹ́ẹ̀kan. Ó ń wo ọ̀nà, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe é, tí mo fi wákàtí méjì fa epo jáde ní ife-ife kí ó lè dá mi lójú, mi ò gbé ojú kúrò lára rẹ̀ títí a fi délé.